Aṣọ Ọ̀gbọ̀ fún Obìnrin Tó Kọ́kọ́ Wà Níbẹ̀

Cutler's Creek, Illinois
Ọjọ́ kọkànlá oṣù Kẹsàn-án, 1831

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín o. Mo kí yín kú ọjọ́ pípẹ́, mo kí yín kú àfojúsọ́nà. Ara mi le. Ibà tó ń mú gbogbo ẹni tó ń gbé etí odò níbí bá mi jà díẹ̀ lóṣù tó kọjá, ṣùgbọ́n ó ti fi mí sílẹ̀. Mo gbàgbọ́ pé òfì yín ṣì ń dún, àti pé òrùlé kò tíì máa jò.

Ẹ jókòó kí ẹ tó ka èyí tó kù. Mo ti nílẹ̀, Ìyá. Kì í ṣe ilẹ̀ tí a ń sanwó rẹ̀ fún onílẹ̀ lọ́dọọdún o. Tèmi ni, ajẹ́lẹ̀ onílẹ̀ kankan kò lè wá kanlẹ̀kùn láti lé mi kúrò lórí rẹ̀. Ìjọba ló ni gbogbo ilẹ̀ ibí, wọ́n sì ní ọ́fíìsì kan tí wọ́n ti ń tà á. Ọ̀gá ọ́fíìsì náà, Kọ́nẹ́ẹ̀lì Tolbert, fẹ́ràn mi. Nígbà tí mo dé ní ìgbà ìrúwé tí n kò mọ ẹnì kankan, òun ló gbà mí síṣẹ́, òun náà ló sì ṣe é tí ilẹ̀ fi bọ́ sí mi lọ́wọ́. Ìsàlẹ̀ rẹ̀, níbi tí omi ti ń já láti orí àpáta, mo yọ̀ǹda ìyẹn fún un kó fi kọ́ ilé ọlọ. Òkè ni èmi ń gbé. Ilé onígi wà níbẹ̀, kànga wà, igi ápù sì wà lẹ́yìn ilé. Wọ́n so lọ́dún yìí débi pé mo ní láti fi ọ̀pá ti ẹ̀ka wọn. Bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, ọ̀kan ń bẹ lẹ́nu mi.

Kọ́nẹ́ẹ̀lì ti fi ọ́fíìsì ilẹ̀ sílẹ̀ báyìí. Ó fẹ́ du ipò aṣòfin lọ́dún tó ń bọ̀, gbogbo àwa tó ràn lọ́wọ́ la ó sì dúró tì í. Ẹ sọ fún àwọn tó ń pè mí ní ọ̀lẹ pé Gawn ti di onílẹ̀.

Ọmọ yín,
Gawn Mawhinney


Drumbane, Antrim
Ogúnjọ́ oṣù Kọkànlá, 1831

Gawn ọmọ mi,

Lẹ́tà rẹ dé. Kí wọ́n tó gbé e lé mi lọ́wọ́, wọ́n gbowó lọ́wọ́ mi bí ẹni pé èmi ni mo kọ ọ́. Mo kà á, mo sunkún, mo tún un kà, mo rẹ́rìn-ín. Olúwa tó mú ibà kúrò lára rẹ kò ní jẹ́ kó padà. Bàbá rẹ ni mo rántí. Gbogbo ìgbà tí ìbò bá dé ni ajẹ́lẹ̀ máa ń da òun àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ bí àgùntàn, kí wọ́n lọ fi ẹnu ara wọn pe orúkọ ẹni tí onílẹ̀ ń fẹ́. Ì bá wà láyé kó gbọ́ pé ọmọ òun ti kúrò nínú ìyẹn!

Ṣùgbọ́n nǹkan kan kò jẹ́ kí n sùn dáadáa. Ta ló gbin igi ápù? Ìgbà ìrúwé lo débẹ̀. Èmi náà ti gbin ápù rí, igi ápù kì í so fún ẹni tó dé lánàá. Ẹnì kan ló gbẹ́ kànga yẹn, ẹnì kan ló la igi tí wọ́n fi kọ́ ilé yẹn. Níbo ni onítọ̀hún wà? Ṣé o san owó òógùn rẹ̀ fún un kó tó jáde?

O mọ bí a ti ń ṣe é nílé wa. Ẹni tó ń wọ oko á kọ́kọ́ tu ẹni tó ń jáde lójú. Obìnrin tó ń wọlé á sì mú aṣọ ọ̀gbọ̀ fún obìnrin tó ń jáde, kó má bàa fi ẹkún kúrò. Ìyá bàbá rẹ ṣe é nígbà tó wọ ilé yìí. Ẹni tí kò ṣe é, o mọ ohun tó ń rí. Orr tó lọ bá ajẹ́lẹ̀ ní kọ̀rọ̀ tó sì gba oko mọ́ àwọn McNeice lọ́wọ́, bí iná ilé rẹ̀ bá kú, kò sí ilé tó máa fún un ní ẹyin iná. Ìyàwó rẹ̀, ọmọ ọlọ́mọ tí wọ́n fẹ́ wá láti ọ̀nà jíjìn, máa ń dá sunkún létí kànga. Àánú rẹ̀ ń ṣe mí, ṣùgbọ́n èmi náà kì í dá a lóhùn.

Dá mi lóhùn lórí ọ̀rọ̀ igi ápù o. Kí o sì wá ìyàwó. Ọkùnrin tó ń dá ápù jẹ nínú ilé òun nìkan, àìsàn ló ń wá.

Ìyá rẹ,
Jennet Mawhinney


Cutler's Creek
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù Kìíní, 1832

Ìyá mi,

Mo kí yín kú òtútù. Tibí náà le, omi inú garawa ń dì mọ́ inú ilé.

Mo ní ìròyìn ayọ̀ ni mo fi ránṣẹ́ sí yín, ẹ wá fi ìbéèrè dá mi lóhùn bí adájọ́. Ìyá, ibí kì í ṣe Drumbane. Obìnrin kan wà lórí ilẹ̀ náà lóòótọ́. Keziah Stroud lorúkọ rẹ̀, opó ni, ibà ló pa ọkọ rẹ̀. Ó ti kó lọ sọ́dọ̀ arákùnrin rẹ̀ ní òdìkejì odò. Òun àti ọkọ rẹ̀ kàn wá jókòó sórí ilẹ̀ ìjọba ni, wọn kò ní ìwé kankan, ẹni tí kò bá sì níwèé kò nílẹ̀. Òfin ibí nìyẹn. Kò sí ẹni tó lé e.

Bí ẹ bá gbọ́ ohunkóhun lẹ́nu àwọn tó ń ti ibí bọ̀, ọ̀rọ̀ ìbò ni. Lọ́yà kan tó ń jẹ́ Pruitt ń bá Kọ́nẹ́ẹ̀lì du ipò náà, ó sì ń sọ káàkiri pé Tolbert jẹ ilẹ̀ ìjọba bí ẹni jẹ oko bàbá rẹ̀. Ó ní nígbà tí Tolbert wà ní ọ́fíìsì, bí àwọn tó ti pẹ́ lórí ilẹ̀ bá wá, á ní kí wọ́n lọ, kí wọ́n padà wá. Nígbà tí wọ́n bá fi máa padà dé, ó ti mú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé búra pé òun ló dáko níbẹ̀, torí ẹni tó bá dáko lórí ilẹ̀ ni òfin ní kí wọ́n tà á fún, wọ́n á sì jọ pín in. Ẹ ò rí i pé ọ̀tẹ̀ ni? Ẹni tó bá fẹ́ gba àga nídìí ẹlòmíràn á ní wọ́n jí àga náà ni.

Ẹ má fi sọ́kàn. Ẹ fi àlàáfíà yín ránṣẹ́ sí mi, ẹ má fi ìbéèrè ránṣẹ́.

Gawn


Drumbane
Ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin, 1832

Gawn,

Lowry ọmọ àbúrò mi ló ń mú lẹ́tà yìí bọ̀, nítorí náà kò sí ẹni tó máa gbowó lọ́wọ́ rẹ. Gbà á sílé, fún un lóúnjẹ. Ọmọ dáadáa ni, bí a bá rán an níṣẹ́, bí a ṣe rán an náà ló ń jẹ́ ẹ.

O dáhùn ohun tí mo bi ọ́, o sì fi èyí tí n kò bi ọ́ kún un. N kò bi ọ́ nípa ìwé. N kò sì bi ọ́ bóyá wọ́n lé obìnrin kan. Ọkàn mi kò balẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ìwọ ni mo bí, n kò ní fi ojú burúkú wò ọ́ láti ìhín.

Ohun tí mo lè ṣe ni mo ṣe. O kò tíì ní ìyàwó, nítorí náà èmi ni obìnrin ilé rẹ títí o fi máa gbé e. Láti ìgbà tí lẹ́tà rẹ ti dé ni mo ti wà nídìí òfì. Ọ̀gbọ̀ tó dára jù lọ tí mo ní ni mo fi hun ún, mo sì sá a sórí koríko títí ó fi funfun. Mo kìlọ̀ fún Lowry pé kò gbọ́dọ̀ fà á lé ọ lọ́wọ́, torí mo mọ̀ ọ́, o lè fi nu ọ̀bẹ. Kó bèèrè obìnrin náà, kó sì fà á lé e lọ́wọ́ níwájú èèyàn, bí a ti ń ṣe é, kí aládùúgbò lè rí i pé inú rẹ̀ yọ́ sí ọ.

Ó tó ẹni ọdún mélòó? Bó bá ṣì lágbára, tí kò sì burú lójú, ìwọ kò ṣe bi í bóyá ó fẹ́ padà sílé rẹ̀? Àwàdà ni mò ń ṣe. Kì í kúkú ṣe àwàdà tán.

Lowry ní àwọn èèyàn míì ló ni gbogbo ibẹ̀ kí opó náà pàápàá tó dé, ìjọba ló lé wọn sọdá odò ńlá kan. Mo ronú lórí ìyẹn náà. N kò ní aṣọ tó máa kárí gbogbo wọn.

Ìyá rẹ,
Jennet


Cutler's Creek
Ọjọ́ kẹtàlá oṣù Kẹjọ, 1832

Ìyá mi,

Mo kí yín. Lowry dé. Ì bá sàn kó má dé.

Ní Sátidé tó ṣáájú ìbò, Kọ́nẹ́ẹ̀lì sun odidi màlúù lábẹ́ igi, ó gbé àgbá ọtí kalẹ̀, gbogbo agbègbè ló wá, títí kan àwọn ti Pruitt. Opó Stroud àti arákùnrin rẹ̀ náà wà níbẹ̀, wọ́n jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin wọn. Kọ́nẹ́ẹ̀lì gun orí kùkùté igi. Ó ní wọ́n ń pe òun lólè ilẹ̀. Ó dáa, bí ẹnikẹ́ni bá wà tó ti wà lórí ilẹ̀ kan ṣáájú ẹni tó búra fún un, kó jáde síta kí gbogbo èèyàn rí i. Ó ti sọ bẹ́ẹ̀ níbi púpọ̀, kò sì sí ẹni tó jáde rí. Ta ló fẹ́ bá a ṣọ̀tá?

Àfi bí Lowry yín ṣe yọ, tòun ti eruku ọ̀nà lára, aṣọ ní abẹ́ apá. Ó gbọ́ pé wọ́n ń bèèrè ẹnì kan, ó rò pé ọ̀rọ̀ tòun náà nìyẹn. Ó bọ́ fìlà, ó sì ké síta: "Ẹ jọ̀ọ́, èwo nínú yín ni obìnrin tó wà lórí ilẹ̀ Gawn Mawhinney kí Gawn tó débẹ̀? Ìyá Gawn ní kí n fa aṣọ yìí lé e lọ́wọ́."

Àwọn ti Pruitt rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ikùn mú. Nígbà tó yá, ẹ̀rín tán, gbogbo ojú sì bọ́ sára mi. Kọ́nẹ́ẹ̀lì wò mí láti orí kùkùté. "Gawn," ó ní, "ìwọ lo búra. Dá wọn lóhùn."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín báyìí, kí ẹ má lọ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Mo gbé ọwọ́ lé Bíbélì ní ọ́fíìsì ilẹ̀, mo sì búra pé èmi ni mo gbin àgbàdo tó wà lórí ilẹ̀ náà. Opó yẹn ló gbìn ín. Ìbúra yẹn ló bí ìwé tí mo ní. Bí mo bá ní irọ́ ni, wọ́n á gba ilẹ̀, wọ́n á sì tì mí mọ́lé. Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe láàárín agbo? Mo wá nǹkan sọ tó yí ọ̀rọ̀ náà padà, àwọn èèyàn sì padà sídìí ẹran.

Lọ́jọ́ Ajé a dìbò. Ẹnu la fi ń dìbò níbí náà. Mo dúró níwájú tábìlì, arákùnrin opó náà wà lẹ́yìn mi, mo pe Tolbert, akọ̀wé sì tún un pè sókè kí gbogbo èèyàn gbọ́. Mo rántí bàbá mi. Tolbert ló wọlé.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má fi nǹkan kan ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni mọ́. Ire ni ẹ rò, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí.

Gawn


Drumbane
Ọjọ́ kẹrin oṣù Kejìlá, 1832

Gawn,

O ní o wá nǹkan sọ. O kò kọ nǹkan náà sínú lẹ́tà. Èmi ni màá bá ọ kọ ọ́.

Lowry kọ̀wé sí ìyá rẹ̀. O mọ bí a ti ń ṣe lẹ́tà Amẹ́ríkà níbí, lẹ́yìn ìsìn ni wọ́n ń kà á sókè fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́. Mo jókòó níwájú, inú mi ń dùn, mo fẹ́ gbọ́ bí wọ́n ṣe gba aṣọ mi. Wọ́n dé ibi tí wọ́n ti ní kí o dáhùn. Wọ́n kà á pé o ní: "Ẹ má dá a lóhùn. Orí ìyá mi ti dàrú látìgbà tí bàbá mi ti kú. Ó ń fi aṣọ ránṣẹ́ sí àwọn tí kò sí." Gbogbo ilé ìjọsìn yíjú sí mi. Mo tẹrí ba bí ẹni ń wá nǹkan nílẹ̀.

Ẹyin lohùn, Gawn. Èyí tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ lábẹ́ igi yẹn, ẹnu ọ̀nà mi níhìn-ín ló fọ́ sí. Ajẹ́lẹ̀ gbọ́, ó sì wá. Ó bi mí ọjọ́ wo la wà. Ó bi mí orúkọ ọba. Mo dáhùn gbogbo rẹ̀, mo tún bi í bóyá òun náà mọ orúkọ ìyá tirẹ̀. Ó ní ọmọ mi ló fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ níwájú ọ̀pọ̀ èèyàn, kò sì sí ọmọ tó máa pa irú irọ́ bẹ́ẹ̀ mọ́ ìyá rẹ̀. Ó ní àdéhùn mi á parí lóṣù Karùn-ún, onílẹ̀ kò sì lè fi oko sọ́wọ́ ẹni tí orí rẹ̀ kò pé. Gbogbo ìgbà ni ojú rẹ̀ ti wà lára oko yìí. Ìwọ lo fún un ní ohun tó ń wá.

Lowry kọ ohun míì. Ó ní nígbà tí o sọ̀rọ̀ tán, tí àwọn èèyàn ń padà sídìí ẹran, opó náà dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ̀kẹ́, ó rìn já àárín agbo, ó sì gba aṣọ náà. Ó ní kí Lowry sọ fún mi pé òun dúpẹ́, pé látìgbà tí òun ti jáde kúrò nílé òun, kò tíì sí ẹnì kankan tó béèrè òun. Mo sunkún nítorí obìnrin tí n kò rí rí ju bí mo ṣe sunkún nítorí ara mi lọ.

Bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, ṣebí ńṣe là ń fi tọmọ jẹ́ ẹ? Ọmọ ni mo bí, kì í ṣe ẹrú Tolbert. Lọ síwájú adájọ́. Sọ pé o purọ́, pé obìnrin kan wà níbẹ̀, pé orí ìyá rẹ pé. Kí o fi ìwé rẹ̀ ránṣẹ́ sí ajẹ́lẹ̀ kó tó di oṣù Karùn-ún. Mo mọ ohun tó máa ná ọ. Síbẹ̀ mo ń bẹ̀ ọ́.

Jennet Mawhinney


Cutler's Creek
Ogúnjọ́ oṣù Kejì, 1833

Ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́,

Mo dọ̀bálẹ̀ lórí ìwé yìí. Lẹ́tà yín kò jẹ́ kí n lè jẹun.

Mo ti kọ̀wé sí ajẹ́lẹ̀. N kò lè lọ síwájú adájọ́ bí ẹ ṣe wí. Adájọ́ ibí, Tolbert ló fi í jẹ. Bí mo bá débẹ̀, ilẹ̀ lọ, èmi náà lọ, ẹ kò sì ní rí ọmọ tàbí ilẹ̀. Ṣùgbọ́n mo wá ọ̀nà míì tí kò pa ẹnì kankan lára. Mo kọ ọ́ fún un pé ìbànújẹ́ ọkọ ló dà yín lọ́kàn rú nígbà kan, pé ara yín ti yá, orí yín sì ti pé padà. Mo bẹ̀ ẹ́ kó fi yín sílẹ̀ síbẹ̀. Ó yẹ kí ìyẹn tó.

Bí kò bá gbà, ẹ máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Yàrá wà, ápù wà. Lowry ti kó lọ sọ́dọ̀ àwọn Stroud, ó ń bá wọn dáko, kì í kí mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, iná kú mọ́ mi nínú ilé nígbà tí yìnyín ń bọ́. Mo lọ tọrọ ẹyin iná. Ilé mẹ́ta ni mo lọ, wọ́n ní iná kò sí, bẹ́ẹ̀ èéfín ń jáde lókè ilé wọn. Mo gbìyànjú láti lọ bá Kọ́nẹ́ẹ̀lì, wọ́n ní ó ń jẹun.

Ẹ máa bọ̀, Ìyá. N kò ní ẹni tó ń bá mi sọ̀rọ̀.

Gawn


Drumbane
Ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù Karùn-ún, 1833

Gawn,

Ajẹ́lẹ̀ ka lẹ́tà rẹ sí mi létí lójú àwọn alàgbà ìjọ tí mo mú lọ láti jẹ́rìí fún mi. Ó kà á tán, ó sì pa á pọ̀ jẹ́jẹ́. Ó ní, "Ẹ gbọ́ ọ fúnra yín. Ọmọ rẹ̀ ní orí rẹ̀ pé padà. Ohun tó padà, ó ti lọ rí." Àwọn alàgbà dìde, èmi náà sì tẹ̀ lé wọn jáde.

Orr ni wọ́n fún ní oko náà. Lọ́jọ́ tí mo kó jáde, mo ti tú òfì sí wẹ́wẹ́, mo jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, mò ń retí ẹni tó máa bá mi gbé ẹrù. Ìyàwó Orr ló kọ́kọ́ dé. Ó dúró lọ́ọ̀ọ́kán, ó di nǹkan mọ́ àyà. Aṣọ ọ̀gbọ̀ ni. Òun ló hun ún, òwú rẹ̀ kò dọ́gba, kò sì funfun tó. Mo bi í pé ta ló kọ́ ọ ní àṣà yìí. Ó ní lẹ́tà Lowry tí wọ́n kà ní ilé ìjọsìn lòun ti gbọ́ ọ. Pé òun kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n wọ oko àwọn McNeice, kò sì sí ẹni tó sọ fún òun. Ó ní òun kò ní wọ ilé ẹnikẹ́ni mọ́ bí ẹni pé kò sí ẹni tó gbé ibẹ̀ rí. Mo gbà á. Mo fi ibi tí kànga ti máa ń gbẹ lẹ́ẹ̀rùn hàn án, mo sì fún un ní ẹyin iná láti inú ààrò mi kí n tó pa á.

O ní kí n máa bọ̀. Ilé tí o ń pè mí sí, ilé Keziah Stroud ni. Bí mo bá débẹ̀ tí wọ́n bá béèrè ẹni tí mo jẹ́, ìwọ ti dá wọn lóhùn. Ọ̀dọ̀ ìyá Lowry ni mò ń gbé báyìí. Má kọ̀wé síbẹ̀. Òun ni wọ́n máa gbowó rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì jẹ ọ́ ní nǹkan kan.

Aṣọ náà wà lórí itan mi bí mo ṣe ń kọ̀wé. Àjèjì tí n kì í dá lóhùn létí kànga mọ̀ pé mo gbé ilé yẹn rí.

Èmi ni ìyá rẹ. Orí mi pé.
Jennet Mawhinney